Ọpọlọ ènìyàn àti ìpalára rẹ̀

Ọpọlọ ni ẹ̀yà ara inú agbárí tó ń darí ìrìn, ọ̀rọ̀, ìrántí, èémí àti ìwà. Ti àgbàlagbà máa ń wọn kílò 1.3 sí 1.4. Ìyẹn kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, àmọ́ òun nìkan ló ń lo nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ọ́síjìn tí ara ń lò nígbà ìsinmi. Kò sì ní àká. Ẹ̀dọ̀ lè fi ṣúgà pamọ́, ọ̀rá ń kóra jọ sí ikùn, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé wá lójú ẹsẹ̀ ni ọpọlọ ń jẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀ mọ́ rárá, ènìyàn á dákú láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Tó bá fi tó ìṣẹ́jú 4 sí 5, àwọn sẹ́ẹ̀lì á ti bẹ̀rẹ̀ sí kú.

Nínú ìpalára ọpọlọ, ibi tí ọgbẹ́ wà sábà máa ń ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe tóbi tó lọ. Ọgbẹ́ tí kò ju hóró àgbàdo lọ ní ìdí ọpọlọ lè mú kí apá àti ẹsẹ̀ kan rọ pátápátá. Òmíràn tó tóbi jù ú lọ fíìfíì lè wà lábẹ́ iwájú orí kí ẹnikẹ́ni má fura, àfi pé àwọn ará ilé á máa sọ pé ìwà lágbájá ti yí padà.

Ìrísí àti iṣẹ́ rẹ̀

Awọ mẹ́ta ló wé ọpọlọ lábẹ́ agbárí, omi kan tó mọ́ gaara sì yí i ká. Omi náà kò ju nǹkan bíi mílílítà 150 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ara ń pèsè tó 500 lójúmọ́, ó sì ń fa ti tẹ́lẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀nà tí omi yìí ń gbà bá dí lára ọmọ ọwọ́, orí ọmọ náà á máa tóbi, nítorí pé àwùjẹ̀ rẹ̀ kò tíì dì. Lára àgbàlagbà, tí egungun orí rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, ẹ̀fọ́rí, èébì àti ojú bàìbàì ló máa ń fà.

Sẹ́ẹ̀lì tó ń jíṣẹ́ nínú ọpọlọ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 86, gẹ́gẹ́ bí ìkà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Brazil tẹ̀ jáde ní 2009. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 69 nínú wọn ló há sínú ọpọlọ kékeré, èyí tó wà nísàlẹ̀ ìpàkọ́. Inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, agbára iná tí kò tó nǹkan ló ń gbé iṣẹ́ láti orí dé ìrù. Tó bá dé ìpẹ̀kun, sẹ́ẹ̀lì á tu èròjà díẹ̀ sínú àlàfo tó wà láàárín òun àti èkejì, ìyẹn ni èkejì fi ń gbọ́. Ọ̀rá ló wé àwọn okùn tó ń jíṣẹ́ kíákíá, bí rọ́bà ṣe ń wé wáyà. Ibi tí ọ̀rá náà bá ti bó, iṣẹ́ á falẹ̀ tàbí kó má dé mọ́.

Orúkọ tí Yorùbá fún apá orí kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fi ya àwòrán ọpọlọ. Lábẹ́ iwájú orí ni ìpinnu, ètò àti ìkóra-ẹni-níjàánu wà, etí rẹ̀ tó kángun sẹ́yìn ló sì ń pàṣẹ fún apá, ẹsẹ̀ àti ẹnu. Abẹ́ àtàrí, lẹ́yìn ìyẹn, ló ń gba ìròyìn ìfọwọ́kàn àti ibi tí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan wà. Inú ẹ̀bátí méjèèjì ni ìgbọ́ràn àti ìrántí wà. Ìríran wà ní ìpàkọ́, ibi tó jìnnà sí ojú jù lọ, ìdí nìyẹn tí ẹni tí ìpàkọ́ rẹ̀ fara gbọgbẹ́ fi lè má ríran bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyinjú rẹ̀ kò ní àléébù. Ìdí ọpọlọ, tó so orí mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ló ń ṣọ́ èémí, ìlù ọkàn àti jíjí.

Apá ọ̀tún ọpọlọ ló ń darí òsì ara, apá òsì ló ń darí ọ̀tún, torí pé àwọn okùn náà ń dábùú ara wọn nísàlẹ̀ ìdí ọpọlọ kí wọ́n tó wọ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọpọlọ kékeré yàtọ̀: ẹ̀gbẹ́ tí ọgbẹ́ rẹ̀ wà náà ni wàhálà máa ń wà. Kì í sì í sọ apá di aláìlágbára, ìwọ̀n ló ń bà jẹ́. Ẹni náà á máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí, ife omi á kọjá ẹnu. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń rìn báyìí ni ọtí ń pa.

Ohun tí ọgbẹ́ fi kọ́ wa

Púpọ̀ nínú ìmọ̀ yìí, ara aláìsàn ni wọ́n ti rí i. Ní 1861, ní ilé ìwòsàn Bicêtre nítòsí Paris, dókítà Paul Broca yẹ ọpọlọ ọkùnrin kan wò lẹ́yìn ikú rẹ̀. Fún ohun tó lé ní 20 ọdún, «tan» ni ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà ń sọ sí ohun gbogbo, àmọ́ ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá bi í. Ọgbẹ́ rẹ̀ wà ní apá òsì, níwájú. Ní 1874, dókítà Carl Wernicke ní Jámánì ṣàlàyé irú kejì, tí ọgbẹ́ rẹ̀ wà sẹ́yìn díẹ̀ nítòsí etí: ọ̀rọ̀ ń tú jáde geere, ṣùgbọ́n kò nítumọ̀, aláìsàn kò sì lóye ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Irú kejì yìí ni ìdílé sábà máa ń ṣì mú fún wèrè. Bí ẹni tí ara rẹ̀ le láàárọ̀ bá ṣàdédé ń sọ ìsọkúsọ lọ́sàn-án, ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ló yẹ kó kọ́kọ́ dé.

Nínú àwọn èdè olóhùn bíi ti Ṣáínà àti Thailand, wọ́n ti rí i pé ọgbẹ́ apá òsì máa ń ba ohùn orí ọ̀rọ̀ jẹ́ pẹ̀lú. Fún èdè tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ìdánwò tí wọ́n ṣe fún elédè Gẹ̀ẹ́sì kò lè tó láti fi wọn irú àdánù bẹ́ẹ̀.

Ọgbẹ́ iwájú orí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti Phineas Gage, ọ̀gá àwọn tó ń fi ẹ̀tù fọ́ àpáta fún ọ̀nà rélùwéè ní Vermont, Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án 1848, irin tó gùn ju mítà 1 lọ, tó wúwo tó kílò 6, gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, ó sì gba orí jáde. Kò kú. Ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń rìn, ṣùgbọ́n John Harlow, dókítà rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti di onísọkúsọ tí kì í gba ìmọ̀ràn. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń gbàgbé pé ó tún padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì fi ọdún mélòó kan wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ní Chile, kó tó kú ní 1860.

Ti Henry Molaison, aláìsàn kan ní Amẹ́ríkà, yàtọ̀. Ní 1953, wọ́n gé apá inú ẹ̀bátí méjèèjì kúrò láti dá wárápá rẹ̀ dúró. Wárápá náà dínkù, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú ní 2008, kò lè tọ́jú ìrántí tuntun sọ́kàn. Síbẹ̀ ó lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́: bó ṣe ń ya ìràwọ̀ nínú dígí ń dára sí i lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ kò rántí pé òun ti yà á rí. Brenda Milner, onímọ̀ nípa ìwà àti ìrònú tó yẹ̀ ẹ́ wò, ló tipa bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ìrántí kì í ṣe ẹyọ kan.

Rọpárọsẹ̀

Ní Nàìjíríà, àrùn rọpárọsẹ̀ wà lára ohun tó ń ba ọpọlọ àgbàlagbà jẹ́ jù. Ọ̀nà méjì ló ń gbà wá. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ dídì á dí iṣan ẹ̀jẹ̀, apá tí iṣan náà ń bọ́ á sì pebi. Nínú èkejì, iṣan á bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì dà sínú ọpọlọ. Ìwádìí kan tó kó àwọn aláìsàn tó lé ní 2,000 jọ ní Nàìjíríà àti Ghana, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, rí i pé nǹkan bí ẹnì 1 nínú 3 ló ní irú kejì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀. Lára àwọn tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àtọ̀gbẹ, ikùn ńlá, iyọ̀ tí wọ́n ń bù sí oúnjẹ lórí tábìlì, àti àìjẹ ẹ̀fọ́ tó.

Àmì rẹ̀ máa ń dé lójijì: ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá kan kò dúró bí wọ́n bá ní kó na méjèèjì sókè, ọ̀rọ̀ ń lọ́ tàbí kò jáde. Bí ọ̀kan bá ti yọ nínú mẹ́ta yìí, ẹ wo aago. Dókítà á béèrè ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n rí aláìsàn náà nínú ara líle, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá a nílẹ̀. Ẹni tó sùn ní agogo 10 alẹ́ tó sì jí pẹ̀lú ẹnu wíwọ́ ní agogo 6, agogo 10 ni wọ́n máa kà fún un.

Ohun tí ìdílé ń ṣe lákòókò yìí ló sábà ń ba nǹkan jẹ́. Wọ́n á da epo pupa tàbí àgbo sí aláìsàn lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti rọ, nǹkan náà á wọ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n á fún un ní ásípírìn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ bóyá iṣan ló bẹ́, ìyẹn sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà pọ̀ sí i. Wọ́n á fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìlọ́po méjì. Èyí léwu nínú irú àkọ́kọ́, nítorí ìfúnpá gíga náà ló ń ti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó dí. Tí wọn kò bá ní fún aláìsàn ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, ọ̀pọ̀ dókítà kì í já ìfúnpá náà wálẹ̀ àyàfi tó bá kọjá 220/120. Ohun tó yẹ ni kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dá a sùn, kí ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, kí ẹ sì gbé e lọ.

Ní ilé ìwòsàn, ṣúgà ni wọ́n ń kọ́kọ́ wọ̀n, torí ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù lè jọ rọpárọsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi ní lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwòrán inú orí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ CT yà, tó ń fi ìdí irú tó jẹ́ múlẹ̀. Bó bá jẹ́ dídí, oògùn alteplase lè tú u ká bí wọ́n bá fún un láàárín wákàtí 4 àti ààbọ̀ tí àmì bẹ̀rẹ̀: mílígíráàmù 0.9 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, kó má ju 90 lọ, wọ́n á fún un ní ìdá kan nínú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, ìyókù á sì máa kán wọlé fún wákàtí kan. Ìfúnpá gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ 185/110 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iṣan ńlá bá dí, sẹ́ẹ̀lì tó ń kú níṣẹ̀ẹ́jú kan tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9, ìdí nìyẹn tí ìdúró wákàtí kan fún ọkọ̀ fi burú tó bẹ́ẹ̀.

Ìkọlù orí

Agbárí jẹ́ àpótí tí kì í fẹ̀. Ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ àti omi ló kún inú rẹ̀, bí ọ̀kan bá pọ̀ sí i, àfi kí òmíràn dínkù. Lẹ́yìn ìjàǹbá ọ̀kadà, ẹ̀jẹ̀ tó ń jò tàbí ọpọlọ tó wú á kọ́kọ́ ti omi jáde. Nígbà tí àyè bá tán, ìfúnpá á ga lójijì, á sì máa ti ọpọlọ gba ihò ìsàlẹ̀ agbárí. Ọmọlójú kan tó fẹ̀ ju èkejì lọ, tí kò sún kì nígbà tí iná bá tàn sí i, jẹ́ àmì pé àsìkò ti ń lọ.

Ẹ̀bátí ni egungun orí ti fẹ́lẹ́ jù, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ó bá ya, ẹni náà lè dákú díẹ̀, kó jí, kó máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kó sì kú ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà. Nítorí náà, «ara rẹ̀ ti yá» kò tó fún ẹni tó dákú. Àwọn arúgbó ní tiwọn yàtọ̀: ẹ̀jẹ̀ wọn lè máa jò díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìṣubú tí wọn kò kà sí, tí ìdílé á máa rò pé ogbó lásán ni.

Láti 1974 ni wọ́n ti ń fi òṣùwọ̀n Glasgow wọn bí aláìsàn ṣe jí tó: ojú, ọ̀rọ̀ àti ìgbéra, láti 3 dé 15. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 8 tàbí kó dín, kì í sábà lè dáàbò bo ọ̀nà èémí ara rẹ̀. Àṣíborí ń dín ìpalára orí ọlọ́kadà kù ní nǹkan bí ìdá 69 nínú 100, tí wọ́n bá dè é mọ́ àgbọ̀n. Èyí tí wọ́n gbé lé orí lásán kò wúlò. Ní Ìbàdàn, Látúndé Ọdẹ́kù (1927–1974), ọmọ Awẹ́, ló dá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH lẹ́yìn tó dé láti Amẹ́ríkà ní 1962.

Wárápá àti ibà pọ́njú ọmọ tuntun

Wárápá ni ìgbà tí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì bá ń tu agbára iná wọn jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Itọ́ ẹni tó ní i kì í ràn ènìyàn. Ìbẹ̀rù yẹn ló ń jẹ́ kí àwọn mìíràn jóná sínú ààrò lójú ènìyàn. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ sì wo aago. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn ni.

Fún ọmọ tuntun, káńfọ̀ inú àpótí aṣọ lè di májèlé. Ọmọ tí èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tí kò ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, lè fa òórùn káńfọ̀ símú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa túká, kí ojú rẹ̀ sì pọ́n bí àwọ̀ ìyeyè. Bí èròjà tó ń mú ojú pọ́n náà bá pọ̀ jù, á wọ ọpọlọ, á sì ba ibi tó ń darí ìgbéra àti ìgbọ́ràn jẹ́. Iná búlúù tàbí pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń wò ó. Fífi sínú oòrùn òwúrọ̀ kò tó fún èyí tó bá le.

Ìmúbọ̀sípò

Sẹ́ẹ̀lì tó kú kì í jíǹde, àmọ́ àwọn tó kù lè kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí aláìsàn bá ń ṣe léraléra ló ń padà: ẹni tó fẹ́ rìn ní láti máa rìn, fífọwọ́ra òróró nìkan kò lè rọ́pò rẹ̀. Oṣù 3 sí 6 àkọ́kọ́ ni ìlọsíwájú máa ń yára jù. Ẹ má fa apá tó rọ láti fi gbé e dìde, èjìká rẹ̀ lè yẹ̀. Ẹni tí kò lè yíra padà, ẹ máa yí i ní wákàtí méjì méjì kí egbò má bàa jẹ ìdí rẹ̀. Kí wọ́n tó fún un ní oúnjẹ lẹ́nu, nọ́ọ̀sì ní láti dán gbígbémì rẹ̀ wò pẹ̀lú omi díẹ̀. Ikọ́ tàbí ohùn tó dà bíi pé omi wà lọ́fun lẹ́yìn rẹ̀ túmọ̀ sí pé omi náà ń wọ ibi tí kò yẹ. Nǹkan bí ẹnì 1 nínú 3 tó ní rọpárọsẹ̀ máa ń ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tí kì í fẹ́ jẹun tàbí ṣe ìdánrawò. Ọ̀pọ̀ ń pè é ní ọ̀lẹ tàbí agídí, bẹ́ẹ̀ oògùn àti ìmọ̀ràn máa ń wò ó.