Bí irọ́ ìbò ṣe ń bá kàlẹ́ńdà sáré ní Amẹ́ríkà

Òfin Amẹ́ríkà ti so ìdìbò Ààrẹ mọ́ ọjọ́ kan tí kì í yẹ̀: ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó bá tẹ̀lé ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Ogun abẹ́lé tó ń jà lọ́wọ́ lọ́dún 1864 pàápàá kò yẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ yìí ni àwọn tó ń fi irọ́ ṣe ìpolongo máa ń wò kí wọ́n tó yan ohun tí wọ́n máa sọ, ìgbà tí wọ́n máa sọ ọ́, àti ẹnu ẹni tí wọ́n máa gbà sọ ọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Irọ́ ìbò kò bèèrè ogún ọdún. Kó ṣáà ti rìn fún ọjọ́ mẹ́wàá kí òótọ́ má tíì bá a, kí wọ́n sì ka ìbò, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ti di ṣíṣe.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí James Garfield, tó ń du ipò Ààrẹ lọ́dún 1880. Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n dìbò, ìwé ìròyìn kan ní New York tó ń jẹ́ Truth gbé lẹ́tà kan jáde, ó ní Garfield ló kọ ọ́ sí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ H. L. Morey. Lẹ́tà náà sọ pé kò sóhun tó burú nínú kí àwọn iléeṣẹ́ máa gba àwọn ará Ṣáínà síṣẹ́ ní owó pọ́ọ́kú. Ní California, ọ̀rọ̀ àwọn ará Ṣáínà ti di ìjà nígbà yẹn. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni àwọn jàǹdùkú aláwọ̀ funfun ya bo àdúgbò wọn ní San Francisco, tí wọ́n ba ilé ìfọṣọ wọn jẹ́. Garfield ní òun kọ́ lòun kọ lẹ́tà náà, bẹ́ẹ̀ ni ìkọ̀wé inú rẹ̀ kò jọ tirẹ̀. Wọ́n wá Morey títí, wọn kò rí i. Garfield wọlé, ṣùgbọ́n California bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ pẹ̀lú ìbò tí kò tó igba.

Ẹni tó ṣe ayédèrú lẹ́tà yìí mọ ohun tó ń ṣe. Kò dá ìbẹ̀rù tuntun sílẹ̀, èyí tó ti wà nílẹ̀ ló bu epo sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é dòní, àfi pé owó àti ìwádìí ti wọ̀ ọ́. Gbogbo olùdíje ńlá ló ń sanwó fún àwọn tó ń tú ẹrù alátakò: ìbò tó dì ní ilé aṣòfin lógún ọdún sẹ́yìn, àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́, gbèsè, ìkọ̀sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sọ níbi àsè. Òfin fàyè gbà á, ó sì yẹ kó fàyè gbà á, torí ó tọ́ kí olùdìbò mọ ẹni tó fẹ́ yàn. Ibi tí wọ́n ti ń mú èyí tó máa ta olùdìbò lára nínú ẹrù náà ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Lọ́dún 1988, àwọn èèyàn George Bush àgbà kó olùdìbò díẹ̀ jọ sí yàrá kan ní New Jersey, wọ́n ń ka ẹ̀sùn tí wọ́n ní sí Michael Dukakis, tó ń bá Bush du ipò Ààrẹ, sí wọn létí, wọ́n ń wo èyí tó máa jẹ́ kí ojú wọn yí padà.

Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Willie Horton, aláwọ̀ dúdú tó ń ṣẹ̀wọ̀n ìpànìyàn ní Massachusetts, níbi tí Dukakis ti jẹ́ gómìnà. Wọ́n fún un láyè lọ́dún 1986 láti jáde fún òpin ọ̀sẹ̀ kan, kò padà, ó sì lọ ṣe ọkùnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ léṣe gidi ní Maryland lọ́dún tó tẹ̀lé e. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ohun tí ìpolówó orí tẹlifíṣàn náà kò sọ ni pé gómìnà ẹgbẹ́ Republican, ìyẹn ẹgbẹ́ Bush, tó ṣáájú Dukakis ló dá ètò ìsinmi ẹlẹ́wọ̀n náà sílẹ̀, àti pé ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ náà ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Òótọ́ tí wọ́n gé lórí, gé nírù ni. Àwòrán ojú Horton tí wọ́n gbé síta ló sọ èyí tó kù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni la ẹnu pe àwọ̀. Àwọn tó ń ṣe ìpolongo Bush sì ní àwọn kọ́ ni àwọn ṣe é. Ẹgbẹ́ kan tó dá dúró ló ṣe é.

Gbólóhùn yẹn, "àwa kọ́," ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Irọ́ tó bá ti ẹnu alátakò jáde kì í rìn jìnnà, torí kálukú ló mọ̀ pé ìjà ló ń jà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ẹnu ẹlẹ́nu sọ ọ́. Lọ́dún 1972, lẹ́tà kan dé ọ̀dọ̀ ìwé ìròyìn Manchester Union Leader ní New Hampshire, ó ní Sẹ́nátọ̀ Edmund Muskie, tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì Ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ Democrat, fi àwọn tí baba ńlá wọn ti Canada wá, tí wọ́n ń sọ Faransé, rẹ́rìn-ín. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejì. Ọjọ́ keje oṣù kẹta ni ìdìbò abẹ́lé. Muskie lọ dúró nínú yìnyín níwájú iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn náà láti wẹ ara rẹ̀ mọ́, àwọn oníròyìn sì kọ ọ́ pé ó sunkún. Ó ní yìnyín ló yọ́ sí òun lójú. Ní Florida, lẹ́tà mìíràn jáde lórí bébà Muskie fúnra rẹ̀, tó ń fi ẹ̀sùn àgbèrè kan àwọn olùdíje ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì. Donald Segretti, ẹni tí àwọn èèyàn Ààrẹ Richard Nixon ń sanwó fún, ni ọwọ́ òfin bà nítorí ìyẹn, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ọdún 1973 ló tó jẹ́bi. Nixon ti wọlé lẹ́ẹ̀kejì kó tó dìgbà yẹn.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ni ti ìbéèrè. John McCain na George W. Bush nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Republican ní New Hampshire ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2000. South Carolina ló kàn, ní ọjọ́ kọkàndínlógún. Láàárín ọjọ́ méjìdínlógún yẹn, àwọn olùdìbò ròyìn pé fóònù ilé àwọn ń dún. Ẹni tó pè á ní ìwádìí èrò ará ìlú lòun ń ṣe. Á wá béèrè pé: bí ẹ bá gbọ́ pé McCain bí ọmọ aláwọ̀ dúdú kan síta, ṣé ẹ ṣì máa dìbò fún un? Kò sọ pé ó bí i. Ìbéèrè ló béèrè, a kò sì lè mú ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ pé ó purọ́. Ìwé pélébé pélébé tó ń sọ ohun kan náà tún wà lójú gíláàsì ọkọ̀. Ọmọ dúdú kan sì wà nílé McCain lóòótọ́, tí àwọn èèyàn ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi ìpolongo: ọmọdébìnrin tí òun àti ìyàwó rẹ̀ gbà tọ́ láti ilé ọmọ aláìlóbìí ní Bangladesh. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìbéèrè náà, tó wá rí ọmọ náà, fúnra rẹ̀ ló máa parí irọ́ náà lọ́kàn ara rẹ̀. McCain fìdí rẹmi. Àwọn èèyàn Bush ní ọwọ́ àwọn kò sí níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jìyà rẹ̀. Ìwà ìkà gbáà ni, láti fi ọmọdé tí wọ́n ṣàánú fún ṣe ohun ìjà.

Ẹnìkan lè béèrè pé ṣé kò sófin ní Amẹ́ríkà ni. Òfin wà, àmọ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú gan-an ni òfin náà dáàbò bò jù. Láti ọdún 1964 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá pe ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹni tó sọ̀rọ̀ mọ̀ pé irọ́ ni, tàbí kò bìkítà bóyá irọ́ ni. Iléeṣẹ́ rédíò tàbí tẹlifíṣàn kò láṣẹ láti gé ọ̀rọ̀ kúrò nínú ìpolówó tí olùdíje fúnra rẹ̀ gbé wá. Ohio ṣe òfin tó ka irọ́ ìpolongo sí ẹ̀ṣẹ̀, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ sì fagi lé e. Ìbẹ̀rù tó wà nídìí èyí ní ìtàn: lábẹ́ òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1798, àwọn oníwèé ìròyìn tó ta ko Ààrẹ John Adams lọ sẹ́wọ̀n. Bí ìjọba bá di onídàájọ́ òótọ́ lásìkò ìbò, ìjọba tó wà lórí oyè ló máa jàǹfààní rẹ̀.

Ẹjọ́ tó bá sì rọ́wọ́ mú, ó máa ń pẹ́. Lọ́dún 2004, ẹgbẹ́ àwọn jagunjagun àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Swift Boat Veterans for Truth ṣe ìpolówó tó sọ pé John Kerry, tó ń du ipò Ààrẹ, purọ́ nípa akíkanjú rẹ̀ lójú ogun Vietnam. Ìpínlẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n kọ́kọ́ ti sanwó fún un. Àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn ló gbé e dé gbogbo ìlú lọ́fẹ̀ẹ́, bí wọ́n ṣe ń jiyàn lé e lórí lójoojúmọ́. Ìgbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2006 ni àjọ tó ń rí sí òfin ìbò bu owó ìtanràn lé ẹgbẹ́ náà, nǹkan bí 300,000 dọ́là, torí pé wọn kò forúkọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Kì í ṣe torí ohun tí wọ́n sọ. Iléeṣẹ́ ẹ̀rọ ìdìbò Dominion gba 787.5 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn Fox News nítorí irọ́ pé ẹ̀rọ rẹ̀ ni wọ́n fi yí ìbò ọdún 2020. Oṣù kẹrin ọdún 2023 ni.

Íntánẹ́ẹ̀tì ti wá sọ ohun tí lẹ́tà ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan di iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan, ó sì ti ṣílẹ̀kùn fún àjèjì. Iléeṣẹ́ Internet Research Agency ní St Petersburg, ní Rọ́ṣíà, fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe bí ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú lórí Facebook àti Instagram. Wọ́n ń gbé ìtàn akọni dúdú jáde, wọ́n ń bá èèyàn ṣọ̀fọ̀ ẹni tí ọlọ́pàá pa. Nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn ti fọkàn tán wọn, tí ìbò ọdún 2016 sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó sàn kí èèyàn má dìbò rárá. Ìgbìmọ̀ Sẹ́nétì tó wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ pé kò sí àwùjọ tí wọ́n dojú kọ tó àwọn aláwọ̀ dúdú. Ọmọ Yorùbá tó ti gba ìwé ọmọ onílẹ̀ ní Houston tàbí Maryland wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ náà sì tún sún mọ́ ilé ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní oṣù kẹta ọdún 2020, Facebook yọ ọ̀wọ́ àkáùntì kan tó ń bá àwọn ará Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ kúrò, ó ní àwọn èèyàn ní Ghana àti Nàìjíríà ló ń bá àwọn ará Rọ́ṣíà darí rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn mọ ẹni tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún, àwọn kan kò mọ̀.

Ohùn pàápàá ti ṣeé jí báyìí. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kìíní ọdún 2024, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní New Hampshire gbọ́ ohùn Joe Biden lórí fóònù, ó ń lo ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ní kí wọ́n tọ́jú ìbò wọn di oṣù kọkànlá. Ìdìbò abẹ́lé ku ọjọ́ méjì. Kò sì sí òfin tó ní ẹni tó bá dì í kò ní lè dìbò ní oṣù kọkànlá. AI ni wọ́n fi ṣe ohùn náà. Onídán kan ní New Orleans sọ pé 150 dọ́là ni agbaninímọ̀ràn òṣèlú kan san fún òun láti ṣe é. FCC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀, bu ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là lé agbaninímọ̀ràn náà, àmọ́ nínú ẹjọ́ ọ̀daràn tí wọ́n pè é ní New Hampshire, ìgbìmọ̀ adájọ́ ará ìlú dá a láre lọ́dún 2025.

Ibi tí irọ́ ti pàdánù eré ìje náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ ìbò tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹwàá ọdún 2024, fídíò kan jáde tó ń fi hàn pé ẹnìkan ń ya ìwé ìbò tí wọ́n dì fún Donald Trump ní Bucks County, Pennsylvania. Àwọn òṣìṣẹ́ ìbò ìjọba ìbílẹ̀ náà wo àpò ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹni inú fídíò, wọ́n rí i pé kò jọ irú èyí tí àwọn ń lò. Wọ́n kéde pé ayédèrú ni lọ́jọ́ náà gan-an. Lọ́jọ́ kejì, FBI fi tó aráyé létí pé àwọn ará Rọ́ṣíà ló ṣe é, ìbò sì ṣì ku ọjọ́ mọ́kànlá.