Ta Lẹ Gbé Góòlù Yín Lé Lọ́wọ́?

Ẹkún ni màmá kan ń sun wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọkùnrin kan ló wá bá wọn pé ọ̀gá òun, obìnrin olówó kan, fẹ́ ra ẹ̀gbà ọrùn góòlù wọn. Ó mú ìwé tí wọ́n buwọ́ lù dání. Màmá gbé góòlù fún un. Wọn ò fojú kan ọ̀gá ọ̀hún rí. Ẹni kẹta tó ń bá mi rojọ́ báyìí lọ́dún yìí nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe lu Boehmer àti Bassenge, àwọn oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye, ní jìbìtì ní Paris gan-an nìyẹn, àwọn yẹn sì mọ iṣẹ́. Òkúta dáyámọ́ǹdì 647 ni wọ́n tò sí ẹ̀gbà ọrùn kan ṣoṣo, wọ́n lérò pé Ọba Louis XV ti ilẹ̀ Faransé yóò rà á fún àlè rẹ̀, Madame du Barry. Ilẹ̀ gbígbóná pa ọba ní 1774, ọjà há sí wọn lọ́wọ́ tòun ti gbèsè. Olorì tuntun, Marie Antoinette, ní òun ò rà.

Obìnrin oníjìbìtì kan, Jeanne de la Motte, gbọ́ sí i. Ó mọ̀ pé olorì ń bínú sí Kádínálì de Rohan, ìyẹn sì ń wá ojúure rẹ̀ lójú méjèèjì. Lóru ọjọ́ kan ní August 1784, Jeanne wọ ọmọbìnrin kan láṣọ bí olorì, ó ní kí kádínálì wá pàdé rẹ̀ nínú ọgbà ààfin Versailles. Ilẹ̀ ti ṣú, kádínálì gbà gbọ́. Nígbà tó di January 1785, kádínálì dúró fún olorì lórí ọjà náà: mílíọ̀nù 1.6 livre, owó Faransé ayé ìgbà náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò máa san án. Wọ́n gbé ẹ̀gbà ọrùn fún kádínálì, òun náà gbé e fún ẹni tí Jeanne ní olorì rán wá.

Ìbuwọ́lùwé tí wọ́n ní ti olorì ni, lórí ìwé àdéhùn ọjà náà, ló ń bí mi nínú títí dòní. “Marie Antoinette de France” ni wọ́n kọ. Olorì ilẹ̀ Faransé kì í buwọ́ lùwé báyẹn! Orúkọ ìsàmì rẹ̀ nìkan ló ń kọ. Ọmọ ilé ńlá ni kádínálì, ó yẹ kó mọ̀. Ti Boehmer ló dùn mí jù, nítorí ó ti ta yẹtí fún olorì fúnra rẹ̀ rí. Kí ló dé tí kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó tú ọjà sílẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ìwé kì í ṣe ènìyàn. Ẹ bá ẹni tó fẹ́ rà á sọ̀rọ̀ lójúkorojú. Kó buwọ́ lùwé níṣojú yín. Kí owó wọlé kí ọjà tó jáde.

Ọ̀bẹ ni Jeanne àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi tú àwọn òkúta náà, wọ́n tà wọ́n ní Paris àti London. Òkúta tó bá ti kúrò nínú ohun tó gbé e dúró, ta ni yóò dá a mọ̀? Ilé ẹjọ́ dá kádínálì sílẹ̀ ní May 1786. Wọ́n na Jeanne, wọ́n fi irin gbígbóná tẹ lẹ́tà V, àmì olè, sí i lára. Ẹ̀gbà ọrùn kò padà wá.

Àwọn kan á ní èpè ló wà lára òkúta. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Kádínálì yìí ní aríran tirẹ̀, Cagliostro, tó ní òun ń bá ẹ̀mí sọ̀rọ̀. Gbogbo ìran tó ń rí, kò rí Jeanne.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ pé màmá yìí náà ti fún aríran kan ní 40,000 náírà kó bá wọn pe góòlù padà! Inú bí mi débi pé mo gbóhùn sókè sí àgbà. Mo ní kí wọ́n gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ lójú ẹsẹ̀. Mo bi wọ́n ní fọ́tò ẹ̀gbà ọrùn náà, kò sí. Rìsíìtì ti sọ nù. Mo ní gíráàmù mélòó ni. Wọn ò wọ̀n ọ́n rí.