Alákòóso iṣẹ́ àkànṣe ojú irin

Alákòóso iṣẹ́ àkànṣe ojú irin ni ẹni tí iṣẹ́ kíkọ́ ojú irin tuntun, tàbí títún ti àtijọ́ ṣe, wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Òun kọ́ ló ń to irin, òun kọ́ ló sì ń ya àwòrán afárá. Tirẹ̀ ni kí owó, àkókò, ohun èlò àti òṣìṣẹ́ bá ara wọn pàdé nígbà tó yẹ, kí iṣẹ́ náà má sì gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti kọ́kọ́ ṣe ẹnjiníà.

Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn ní kìlómítà 157, fi bí iṣẹ́ yìí ṣe rí hàn dáadáa. Oṣù Kẹta ọdún 2017 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní Ẹ̀bútè-Mẹ́tta, ilé-iṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà ló kọ́ ọ, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì ṣí i ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ní ibi púpọ̀, ó ń bá èyí tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ní 1896 rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ọ̀kan kò lè gba orí èkejì, nítorí àlàfo àárín irin méjèèjì jẹ́ mìlímítà 1,067 lára ti àtijọ́, ó sì jẹ́ 1,435 lára tuntun. Láti ẹ̀gbẹ́ inú orí irin kan sí ẹ̀gbẹ́ inú orí irin kejì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, níbi tí etí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti ń fara kan irin. Bí ó bá yẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọkọ̀ kò ní lè sáré níbẹ̀ títí wọn yóò fi tún un ṣe.

Ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ló sábà máa ń dá iṣẹ́ dúró ju irin lọ. Ní Èkó, páìpù omi àti ti gáàsì wà lójú ọ̀nà ojú irin náà, àwọn tó ni wọ́n sì yàtọ̀ síra, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè hú páìpù olóhun láìgba àṣẹ. Alákòóso tó mọṣẹ́ a ti wá àwọn wọ̀nyí lọ kí katakata tó dé, torí pé ẹ̀rọ tó jókòó kò ṣíwọ́ owó jíjẹ. Àrùn kòrónà tún fa iṣẹ́ sẹ́yìn ní 2020.

Ayẹyẹ ìṣíde kì í ṣe òpin iṣẹ́ rẹ̀. Ojú irin Blue Line ti ìpínlẹ̀ Èkó, tó ń lo iná mànàmáná, di ṣíṣí ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ṣùgbọ́n oṣù Kẹsàn-án ni èrò tó wọ̀ ọ́. Ti Red Line láti Agbádó sí Oyíngbò náà rí bẹ́ẹ̀: oṣù Kejì ọdún 2024 fún ìṣíde, oṣù Kẹwàá fún èrò. Red Line yìí ń lo irin kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ ìjọba àpapọ̀, ìyẹn ni pé àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí wákàtí tí oníkálukú yóò gbà kọjá.

Níbi tí ọkọ̀ bá ṣì ń rìn, òru ni wọ́n sábà máa ń ṣe àtúnṣe, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tó sọ wákàtí tí wọ́n yóò wọlé àti èyí tí wọ́n yóò jáde. Wọ́n a ka irinṣẹ́ tó wọlé, wọ́n a sì tún un kà kí wọ́n tó dá ojú irin padà fún ọkọ̀ àárọ̀.