Tí mọ́tò tọ́ọ̀bò bá ń mu epo jù, afẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá

Ẹ wo Passat 1.8T tẹ́ ẹ̀ ń rí káàkiri títì yìí. Tó bá ń tú èéfín dúdú, tí plọ́ọ̀gì rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, tí òórùn epo ń jáde ní sàláńsà, nozzle tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì ni mẹkáníìkì máa kọ́kọ́ fẹ́ pààrọ̀. Bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà epo ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó bá a jó ló ti sá jáde lójú ọ̀nà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: afẹ́fẹ́ á gba filter wọlé, á kọjá lára sẹ́ńsọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní MAF, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, kó tó wá dé ọ̀dọ̀ tọ́ọ̀bò tó máa kì í mọ́ra, kó gba intercooler tó ń mú un tutù wọ ẹ́ńjìnnì. Brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà mọ́tò, á wo ohun tí MAF kà, á ní kí nozzle tú epo tó bá a mu, gíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 sí gíráàmù epo kan, ìyẹn tí èèyàn bá ń rọra wà á. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí tọ́ọ̀bò ń fẹ́, brain box fúnra ẹ̀ á fi epo kún un, á wá sí bíi 12 sí 1 kí inú ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù, ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé MAF ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun. Ká ní ó ka gíráàmù 100, hóòsì intercooler wá ya, 15 jò dànù, epo tó tó 100 ni nozzle máa tú, afẹ́fẹ́ 85 ló máa bá níbẹ̀. 12 yẹn á di bíi 10, èéfín dúdú dé nìyẹn. Ìdí tí mọ́tò kì í fi í yọni lẹ́nu tó bá dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ nìyí o, torí tọ́ọ̀bò ò tíì fẹ́, kò sí nǹkan tó ń ti afẹ́fẹ́ jáde. Àmọ́ tí ihò bá wà lẹ́yìn throttle, ìyẹn ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tó ń ṣí tẹ́ ẹ bá tẹ iná mọ́tò, ojú méjì ló ní: lójú kan, ẹ́ńjìnnì á fa afẹ́fẹ́ tí MAF ò kà, epo á kéré, tọ́ọ̀bò bá wá fẹ́, epo á pọ̀. Àwọn ọmọ tó ń fi blow-off valve, fááfù tó ń tú afẹ́fẹ́ tọ́ọ̀bò dànù tó sì ń hó "pṣṣ", sọ́kọ̀ náà ń fọwọ́ ara wọn fà á ni, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti kà ni wọ́n ń tú síta.

Ọgbọ́n fọkanáísà la fi ń wá a. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ hóòsì tó wà lẹ́yìn MAF, ẹ fi ìdérí PVC tẹ́ ẹ lu fááfù táyà mọ́ dí i, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kó má ju 15 psi lọ, kẹ́ ẹ wá fi omi ọṣẹ ta gbogbo kílípù àti oríkèé. Ibi tó bá hó ló jò, bíi ti táyà gẹ́lẹ́.

Tí kò bá jò níbì kankan, ìgbà yẹn la tó lè fura sí epo. Ẹ yọ hóòsì kékeré orí regulator tó ń díwọ̀n agbára epo, tí epo bá wà nínú ẹ̀, awọ inú regulator ti ya. Ẹ ní kí ẹni tó ń scan wo temperature omi, torí ojú méjì ni sẹ́ńsọ̀ yẹn ní nínú 1.8T, ọ̀kan fún dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀kan fún brain box, gééjì lè máa sọ 90 kí brain box gbà pé mọ́tò ṣì tutù, kó máa da epo sí i. Kóòdù P0172 tí scanner ń mú wá ò sọ èyí tó jẹ́ nínú gbogbo wọn, ó kàn sọ pé epo ti pọ̀ jù ni.

Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lára mọ́tò o, torí epo tí ò jó ń fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà, ó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀. Ẹ fa dipstick, irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, yọ, kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀. Tó bá ti ń rùn bí epo, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ti dí ihò yẹn.