Èló Gan-an Ni Owó Tó Wà Nídìí Iṣẹ́ Yín?

Bí oníṣòwò bá gbé ìwé owó rẹ̀ wá bá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni iye owó tó wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn a sì dárúkọ iye tí wọ́n mú jáde láti àpò ara wọn. Iye yẹn kò tó. Gbogbo owó tí iṣẹ́ ń lò, tí olówó rẹ̀ ń retí èrè tàbí èlé lórí rẹ̀, ni owó ìdókòwò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé-iṣẹ́ kan tó ń fọ́ kóró kajú ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀gá fi mílíọ̀nù 30 náírà dá a sílẹ̀. Èrè tí kò kó jẹ jẹ́ mílíọ̀nù 10. Báńkì yá a ní mílíọ̀nù 20, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì yá a ní 8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 68. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 6 kàn wà ní báńkì tí iṣẹ́ kò lò ó; a ó yọ ọ́ kúrò, yóò sì ku 62.

Láti yẹ ìṣirò náà wò, a ó ka ohun tí owó náà rà: ilé àti ẹ̀rọ, lẹ́yìn tí a ti yọ iye tí wọ́n ti gbó, 38, kajú inú ilé ìkẹ́rùsí, 22, owó tó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, 9, kí a wá yọ mílíọ̀nù 7 tí ilé-iṣẹ́ jẹ àwọn àgbẹ̀. Ó tún jẹ́ 62. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ padà sídìí ìwé.

Kí ló dé tí gbèsè báńkì wọ inú rẹ̀, tí ti àgbẹ̀ kò wọ̀ ọ́? Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń bá mi jiyàn jù. Àgbẹ̀ tó tajà láwìn kì í béèrè èlé lọ́tọ̀; ohun tó fẹ́ gbà fún sùúrù rẹ̀ ti wà nínú owó tó pe àpò kajú, a sì ti yọ ọ́ kí a tó rí èrè. Bí a bá tún kà á, ẹ̀ẹ̀mejì ni a kà á.

Ká ní iṣẹ́ náà jèrè mílíọ̀nù 9.3 lọ́dún, lẹ́yìn owó orí ṣùgbọ́n kí a tó yọ èlé. Bí ọ̀gá bá gbé e lé orí mílíọ̀nù 30 tirẹ̀ nìkan, yóò rí náírà 31 lórí 100, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Lórí 62, náírà 15 péré ni. Bí báńkì bá ń gba èlé náírà 24 lórí 100 lọ́dún, tí owó orí ilé-iṣẹ́ náà sì jẹ́ 30 nínú 100, èlé yóò dín owó orí kù, tí ìnira rẹ̀ yóò fi di náírà 16.80, síbẹ̀ ó ju 15 lọ. Owó báńkì ń jẹ nínú owó ọ̀gá nìyẹn, bó ti wù kí ọjà máa tà tó.

Kajú sì ní àsìkò tirẹ̀. Mílíọ̀nù 22 tí mo kọ sókè jẹ́ ìpíndọ́gba iye oṣù méjèèjìlá. Ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí a bá ti ra kóró tán, ó lè tó 40, ní oṣù Kejìlá ó sì lè má ju 5 lọ. Ẹni tó bá fi ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá nìkan ṣe ìṣirò yóò rí owó ìdókòwò kékeré àti èrè tó dà bí ẹni pé ó pọ̀. Iye ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan ni èmi máa ń kó jọ, tí mo ń fi 12 pín.