Íntánẹ́ẹ̀tì ti já, báwo la ṣe fẹ́ wọ inú rọ́tà?

Ní ìdájí 8 November 2023, nẹ́tíwọọ̀kì Optus ní Australia dákú, nǹkan bí mílíọ̀nù 10 oníbàárà ni kò sì rí i lò. Tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá ti jáde, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé, "Ẹ kọ 192.168.1.1 sínú browser, kí ẹ wọ settings rọ́tà yín," ìyẹn àpótí tó ń pín Wi-Fi nínú ilé. Ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀ tí kò ṣí á wá gbà pé rọ́tà òun ti kú. Ó sábà máa ń jẹ́ pé kò kú rárá.

Ṣé ojú-ewé settings lè ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì?

Bẹ́ẹ̀ ni. Inú rọ́tà fúnra rẹ̀ ló wà.

Kí ni 192.168.1.1 tí wọ́n ń sọ?

Àdírẹ́sì abẹ́lé ni. Ìlànà kan tó jáde ní 1996 ya àwọn nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ fún ìlò inú ilé àti inú iṣẹ́, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 sì wà lára wọn. Wọn kì í jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì gbogbogbòò, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kan náà fi lè wà nílé yín àti nílé aládùúgbò yín láìsí ìjà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rọ́tà ló ń lo 192.168.1.1. Òmíràn ń lo 192.168.0.1, òmíràn 192.168.8.1, nítorí náà ẹ má ṣe méfò. Lórí iPhone, ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà Wi-Fi, ẹ tẹ àmì i tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Wi-Fi yín, kí ẹ wo iwájú "Router". Lórí Windows, ẹ kọ ipconfig sínú Command Prompt, kí ẹ wo "Default Gateway".

Mo kọ nọ́ńbà náà dáadáa, síbẹ̀ kò ṣí. Kí ló dé?

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Tí fóònù bá rí i pé Wi-Fi kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè rọra bọ́ sórí dátà láìsọ fún yín. Ẹ wo òkè ojú fóònù yín: àmì Wi-Fi á ti ní ! kékeré lára, tàbí kó ti poora kí 4G gba ipò rẹ̀. Ilé lẹ jókòó sí, ṣùgbọ́n ìta ni fóònù ti ń wá ilẹ̀kùn. Ẹ pa dátà. Tó bá bi yín bóyá ẹ ṣì fẹ́ dúró sórí Wi-Fi tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbà. Ẹ pa VPN náà (áàpù tó ń darí íntánẹ́ẹ̀tì yín gba ọ̀nà míì), bí ẹ bá ní in.

Ẹ kọ http:// síwájú nọ́ńbà náà, kí browser má baà lọ fi ṣe ìwádìí. Ó ṣeé ṣe kó kìlọ̀ pé ojú-ewé náà kò ní ààbò. Tó bá jẹ́ rọ́tà tiyín, tí ẹ sì ti rí nọ́ńbà rẹ̀ fúnra yín bí mo ṣe júwe, ẹ lè tẹ̀síwájú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ lójú-ewé báńkì láéláé.

Tí àdírẹ́sì fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, rọ́tà kò tíì fún un ní nọ́ńbà. Ẹ já Wi-Fi kí ẹ tún un so, tàbí kí ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ rọ́tà.

Páásíwọọ̀dù Wi-Fi mi kò ṣí i.

Ọ̀tọ̀ ni páásíwọọ̀dù settings. Ẹ yí rọ́tà dojú dé, ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀.

Ṣé kí n kúkú tẹ reset?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Mo ti ṣe é rí. Mo ki abẹ́rẹ́ bọ ihò kékeré ẹ̀yìn rọ́tà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí gbogbo iná fi kú tí wọ́n tún tàn. Orúkọ àti páásíwọọ̀dù tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì mi fi so ilé mi pọ̀ ló pa rẹ́. Nẹ́tíwọọ̀kì padà sí gbogbo àdúgbò lálẹ́ ọjọ́ náà, tèmi kò padà títí di ọjọ́ kejì tí wọ́n bá mi wá a rí. Kí ẹ pa rọ́tà kí ẹ tún un tàn kò léwu. Reset ló ń nu nǹkan. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ya fótò ojú-ewé WAN, ìyẹn ibi tí settings ti ń fi hàn bí rọ́tà ṣe so mọ́ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín.

Kí ni kí n wò tí mo bá wọlé?

WAN yẹn náà ni. Tó bá kọ 0.0.0.0 tàbí "Disconnected", tí iná LOS (tó ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ fáíbà kò wọlé) sì pọ́n lára ẹ̀rọ fáíbà yín, ìta ni wàhálà wà, ẹ pe ilé iṣẹ́ náà. Ti Optus, àwọn rọ́tà ńlá ilé iṣẹ́ ọ̀hún ló já ara wọn kúrò, àwọn òṣìṣẹ́ sì ní láti fẹsẹ̀ ara wọn dé ìdí àwọn kan kí wọ́n tó tún wọn so. Kò sí ohun tí oníbàárà kankan lè yí nílé tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ṣé ewu kankan wà níbẹ̀?

Ó wà. Ní 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Mirai fi páásíwọọ̀dù tí ilé iṣẹ́ fi sórí ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ gba àìmọye kámẹ́rà àti rọ́tà. Ní 21 October ọdún náà, wọ́n fi irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọlu Dyn, ilé iṣẹ́ tó ń bá browser wá àdírẹ́sì àwọn ojú-ewé, Twitter àti Netflix kò sì ṣí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí náà, bí ẹ bá ti rí ọ̀nà wọlé, ẹ yí páásíwọọ̀dù settings, kí ẹ sì pa "Remote Management", tó ń jẹ́ kí èèyàn lè wọ settings náà láti ìta. Tí ẹnì kan bá pè yín lásìkò tí íntánẹ́ẹ̀tì já, tó ní òun fẹ́ bá yín tún un ṣe, ẹ má fún un ní páásíwọọ̀dù náà. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ fúnra yín pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé owó íntánẹ́ẹ̀tì yín.