Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi òróró pa fayolín ọmọ yín

Ó ti sú mi o. Wọ́n tún gbé fayolín òmíì wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fayolín ṣe ní Yábà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ tó ni ín fẹ́ lọ ṣe odíṣàn, ìdánwò tí wọ́n fi ń yan olórin, ni màmá ẹ̀ bá fi òróró àdúrà pa irun bow, ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa okùn fayolín, látòkè délẹ̀ kó lè rójú rere. Ọmọ débẹ̀, ó fa bow, ó kàn ń yọ̀ lórí okùn ni, kò sí ohùn. Wọ́n ní ọ̀tá ilé ni. Ọ̀tá wo? Irun ìrù ẹṣin ló wà lára bow, rosin tí wọ́n fi ń pa irun yẹn, oje igi ni, òun ló ń jẹ́ kí irun yẹn di okùn mú kí okùn tó gbọ̀n, òróró bá ti kàn án ó parí nìyẹn, mo máa yọ gbogbo irun ẹ̀ ni kí n fi tuntun sí i. Ẹ gbàdúrà, kò burú, orí ọmọ ni kẹ́ ẹ fi òróró sí.

Èyí tó wá dùn mí jù, fayolín náà ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́, káfíńtà àdúgbò sì ti da súpà gúlù sí i. Káfíńtà! Gúlù tí wọ́n fi ń ṣe fayolín, awọ ẹran ni wọ́n sè, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń lò ó ni, torí téèyàn bá fi omi àti ooru sí i díẹ̀ ó máa tú, a ó ṣí i, a ó tún inú ẹ̀ ṣe, a ó dé e padà. Súpà gúlù kì í tú, pákó ló máa ya. Fayolín témi bá lẹ̀, ẹ máa wá ojú ibi tó ti là tì. Ooru yẹn náà ni mo fi ń pariwo pé kẹ́ ẹ má ju fayolín sí bùútù mọ́tò nínú gó-síló Third Mainland lọ́sàn-án gangan, gúlù á rọ̀, ọrùn ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ síwájú.

Ẹ sì máa ń ní ẹ fẹ́ kí ọmọ yín dà bíi Fẹlá Ṣówándé, àgbà olórin yẹn. Ó dáa. Ọ́gáànì ni Ṣówándé fi dàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì Cathedral Marina l'Ékòó, lábẹ́ Ẹkúndayọ̀ Phillips tó jẹ́ ọ̀gá olórin ibẹ̀, ìjọ ló sì ni ọ́gáànì. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní MUSON, ilé ẹ̀kọ́ orin l'Ékòó, tó ń sáré láti ìgbéyàwó kan sí òmíì, òun fúnra ẹ̀ ló ń bọ́ irinṣẹ́ ẹ̀, kò sì tíì sówó lọ́wọ́ ẹ̀. Súùtù tẹ́ ẹ rà fún un dáa, ṣùgbọ́n ẹ bá a sanwó irun bow tuntun lọ́dọọdún, kẹ́ ẹ fi okùn E méjì, okùn tó tín-ín-rín jù lórí fayolín, sínú àpótí ẹ̀, torí òun ló tètè ń já, ó sì lè já nígbà tí ìyàwó bá ń wọlé.